Èkó Ní Onílẹ̀, Ó Sì Ní Òfin

Àwọn òǹkọ̀wé òṣèlú kan kò yé tẹnu mọ́ ọn pé owó ìjọba àpapọ̀ ló sọ Èkó di ńlá, nítorí náà, kò ní onílẹ̀. Àwíjàre lásán ni. Olú-ìlú àpapọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1954 kò dé Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ìbàdàn, ni wọ́n wà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ilẹ̀ Àwórì ni. Bí kò bá ní onílẹ̀, ọwọ́ ta ni àwọn tó kọ́lé sí Ìbà ti ra ilẹ̀?

Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ oníṣòwò Àlàbá láti dìbò kò sinmi lé ìran rẹ̀. Òfin ló fún un. Kí onílẹ̀ má lé àlejò nídìí àpótí ìbò. Kí àlejò má sì pa ìtàn onílẹ̀ rẹ́.