Òkú Ń Sunkún Òkú

Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀ lónìí, wọn yóò wá kí àwọn ará ilé tirẹ̀ náà lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa fi òwe yìí rẹ ẹni tó ń sunkún jù lẹ́kún, pé ikú kò yọ ẹnìkan sílẹ̀. Lójú tèmi, ó tún kọ́ wa ní ojú tó yẹ ká fi wo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ ara wa là ń sunkún nílé rẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí a gbé wá fún un kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Gbèsè ni, tí ẹni tí yóò kú ń san fún ẹbí ẹni tó ti kú.

Ọ̀rọ̀ ìlú Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Òndó, ló gbé òwe náà sí mi lọ́kàn. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tó jẹ́ ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya bo ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis. Wọ́n ju ohun abúgbàù, wọ́n sì dàbọn bo àwọn olùjọsìn. Ó kéré tán, 40 èèyàn ló kú, ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn mìíràn yè é, ṣùgbọ́n wọ́n pàdánù ẹ̀yà ara.

Akáṣọlérí kò wọ́n lásìkò náà. Àwọn èèyàn tú jáde láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó fara gbọgbẹ́. Bọ́lá Tinubu, tí kò tíì di ààrẹ nígbà náà, wá kí ìlú, ó sì kéde 75 mílíọ̀nù náírà fún àwọn tí ọ̀ràn kàn àti fún ìjọ náà. Nígbà tí wọ́n to pósí sílẹ̀ fún ìsìn ìkẹyìn lọ́jọ́ 17 oṣù náà, Gómìnà Rotimi Akeredolu, tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ gan-an, gbà níwájú gbogbo èèyàn pé ìjọba kùnà láti dáàbò bo àwọn olóògbé. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2023, Akeredolu náà papòdà. Kò tó ọdún méjì tí ẹni tó dárò di ẹni tí wọ́n ń dárò.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí owó ṣe ń rìn nínú ọ̀fọ̀ wa. Òkú àgbà ló ní ètò. Àwọn ọmọ á dáwó, àna á fa màlúù wá, ẹgbẹ́ á ra aṣọ, àlejò á náwó lójú agbo. Òkú ọ̀fọ̀ kò ní ìkankan nínú èyí. Kíá ni wọ́n á sin ín, òbí kò gbọdọ̀ dé ibojì ọmọ, kò sí ìlù, kò sí àsè. N kò bá àṣà jà, nítorí ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ń bọ̀wọ̀ fún ìrora. Àmọ́ ẹ wo ibi tó já sí. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti rọ́wọ́ mú, òun là ń dáwó jọ sí. Géńdé tí ìbọn pa, tó fi ìyàwó àti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀, kò sí agbo tí ẹnikẹ́ni yóò ti náwó fún àwọn tó fi sílẹ̀. Ẹni tó nílò rẹ̀ jù ni kì í kàn.

Ohun tí opó náà sì nílò jù kì í ṣe ìrẹsì àti òróró tí à ń gbé lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí ilé bá dá ni báńkì á sọ fún un pé àwọn kò lè san owó ọkọ rẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ lórí dúkìá olóògbé. Ìwé yẹn ń gba owó, ó ń gba ìwé ẹ̀rí ikú, ó ń gba onídùúró, ó sì ń gba àlọ àti àbọ̀ tó lè sú ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, áḿbọ̀sì ẹni tí kò tíì rí oorun sùn. Lọ́yà kan tó bá bá a rìn ín láìgba kọ́bọ̀ ti ṣe ju ẹni tó gbé àpò ìrẹsì mẹ́wàá wá lọ.

Òfin náà ò gbàgbé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ owó gbà-má-bínú fún ẹni tí wọ́n pa lára. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé iwájú adájọ́. Oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni àwọn afurasí márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú ba ilé ẹjọ́ ní Abuja lórí ọ̀ràn Ọ̀wọ̀, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìpànìyàn náà. Owó iléèwé kì í dúró de ìdájọ́.

Ìjọba àpapọ̀ ti dá àpò ìrànwọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2014 fún àwọn tí Boko Haram ṣe lọ́ṣẹ́, wọ́n sì fi ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì, T.Y. Danjuma, ṣe alága rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni. Síbẹ̀, láti Abuja, ta ni yóò mọ ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì lánàá? Aládùúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ akọrin, àwọn tó máa ń ra aṣọ kan náà fún òkú àgbà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọmọ kan, kí wọ́n máa dá owó iléèwé rẹ̀ ní táàmù dé táàmù. Ẹ má ya ọmọ náà ní fọ́tò. Ẹ má pe ìyá rẹ̀ síwájú ìjọ láti wá dúpẹ́, torí ẹni tó gba gbèsè rẹ̀ kì í kúnlẹ̀. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, ọdún 2034 ni yóò jáde girama.