Ẹ má fi gbogbo ẹ̀ka ọsàn dáná, ẹ gbẹ́ ṣíbí níbẹ̀

A mọ̀ pé àwọn kan á ka àkọlé yìí, wọn á ní, "Ọ̀gá àgíríìkì, ṣé ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ti tán ni?" Kò tán o. Ohun tí a ń rí lóko yín lásìkò yìí ló fà á.

Bí ẹ bá ti ká ọsàn tán, tí ẹ gé àwọn ẹ̀ka tó há mọ́ra wọn, ibo ni wọ́n ń lọ? Ẹ̀bá oko, ìṣáná, ó parí. Ti gúáfà náà bẹ́ẹ̀. Igi méjèèjì yìí le, iṣan wọn sì fún mọ́ra, irú igi tí ṣíbí ọbẹ̀ àti ọmọrogùn ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ ó sun wọ́n tán, ẹ ó wá lọ ra ṣíbí oníke lọ́jà, èyí tí ẹnu ẹ̀ ń yọ́ nínú ìkòkò gbígbóná.

Èrò tiwa ni pé kí àgbẹ̀ máa gbẹ́ ṣíbí onígi fún ìgbádùn ara rẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbádùn la wí, a ò wí òwò. Gbogbo ohun tí a bá gbé síbí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, "Èló ni èrè ẹ̀?" A ò bínú, owó ò sí nílùú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka wákàtí tí ẹ fi gbẹ́ ẹyọ kan, kí ẹ wá wo iye tí wọ́n ń ta ọmọrogùn, ẹ ó jù ú sínú iná lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó fi ń ṣe iṣẹ́ á ti gbẹ́ márùn-ún kí tiyín tó ní ìrù. Àwa náà ń gbẹ́ ẹ nírọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ ò bá tètè dé. Èyí tí a kọ́kọ́ gbẹ́ dà bí etí ewúrẹ́. Àwọn ará ilé fi rẹ́rìn-ín títí, òun náà ni wọ́n sì fi ń bu iyọ̀ títí dòní.

Igi tútù ni kí ẹ lò, torí ọsàn tó bá ti gbẹ ń pa ẹnu ọ̀bẹ. Ẹ wá ẹ̀ka tó nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, ẹ là á sí méjì gba àárín, kí ẹ sì gé mùdùnmúdùn inú ẹ̀ dànù, ibẹ̀ ni igi ti sábà máa ń là. Àáké kékeré ni ẹ ó fi gbé e jáde, ọ̀bẹ mímú á parí ẹ̀. Inú ṣíbí yẹn ló ṣòro. Ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ tẹ ẹnu ọ̀bẹ kékeré kan kọdọrọ fún yín. Tí igi bá ń fà ya, iṣan ni ẹ ń gé sódì, ẹ yí i padà kí ẹ gbẹ́ ẹ láti apá kejì.

Ẹ má sá a sóòrùn o! Nínú ọyẹ́ yìí, ara ẹ̀ á gbẹ, á sún kì, inú á ṣì tutù, ló bá là. Ẹ kó o sínú àpò pẹ̀lú èérún igi tó bọ́ lára ẹ̀, ẹ gbé e síbi ibòji fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ẹ tó fi sáńpépà ra á.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ wá ń kọ́? Bàbá kan lára àwọn àgbẹ̀ tí a ń bẹ̀ wò gbé igi lé itan, ó ń fa ọ̀bẹ bọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọ̀bẹ yọ̀. Ọgbẹ́ yẹn ò jẹ́ kí wọ́n lè kọ ebè lásìkò, alágbàṣe ni wọ́n san owó fún. Ẹ máa ti ọ̀bẹ kúrò lára yín, ní ojúmọmọ, kí ọmọdé má sì wà nítòsí. Tí ó bá gé yín, ẹ má fi ewé dí i kẹ́ ẹ dákẹ́, ẹ lọ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Igi tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ má fi jẹun. Mọ́lẹ̀bí kan náà ni mángòrò àti kaṣú, oje wọn máa ń jẹ́ kí ara àwọn mìíràn yún. Eruku ìrókò náà máa ń yọ imú àti awọ lẹ́nu. Ẹ má sì torí ṣíbí gé ẹ̀ka tó ń so dáadáa.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, tiyín rèé. A ti rí ọmọrogùn tí wọ́n fi fánìṣì káfíńtà kùn kó lè máa dán. Ẹni tó rà á fi ro àmàlà gbígbóná, òórùn sì gba ilé kan. Ọmọrogùn ìyá wa àgbà ò dán, a sì fi jẹun dàgbà. Ẹ tà á bó ṣe rí. Kí ẹ sọ fún oníbàárà pé kó má rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kó fọ̀ ọ́, kó gbé e síbi atẹ́gùn.

Ẹni tó bá gbẹ́ tiẹ̀, kó fi fọ́tò ránṣẹ́, ìbáà dà bí etí ewúrẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó padà sórí ajílẹ̀.