Kíbọ́ọ̀dù Wa Kò Bàjẹ́, Ẹ Má Ì Tíì Dáwó

Wọ́n kéde ní àsẹ́ńbìlì lọ́jọ́ Ajé tó kọjá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú 1,500 náírà wá kí a lè ra kíbọ́ọ̀dù tuntun, torí pé èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde fi ta ilé ìwé wa lọ́rẹ ti jóná. Èmi ò fara mọ́ ọn. Mi ò sọ pé kí a má ra ohun èlò orin o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kíbọ́ọ̀dù yẹn kò jóná. Òun àti kọ̀ǹpútà ni wọn kò gbọ́ ara wọn yé, àìgbọ́ra-ẹni-yé kì í sì í ṣe ikú.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ọmọ kékeré ń ta ko àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná, kí ẹ wá dájọ́.

Láti ìgbà tí a ti wọlé ní sáà yìí, bí a bá tan kíbọ́ọ̀dù, ó ń dún dáadáa láti inú sípíkà ara rẹ̀. Ìgbà tí a bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bóyá a fẹ́ gba orin ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ ni o, bóyá a fẹ́ kí MuseScore bá àwọn SS3 kọ nóòtù tí wọ́n ń tẹ̀, kẹ́kẹ́ á pa. Wọ́n pe ẹnjiníà kan. Wọ́n tú ìdí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n wò ó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ní bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti jóná, wọ́n gba owó iṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè pé, tí bọ́ọ̀dù bá jóná, kí ló wá ń dún?

Òótọ́ ni pé apá tó ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà lè kú kí ohùn má kú. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ la fi ń sọ ìyẹn, a máa ń dán an wò ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ohùn ló ń gba inú wáyà yẹn kọjá. Rárá o. MIDI ni orúkọ ètò tí kíbọ́ọ̀dù àti kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, MIDI kì í sì í gbé ohùn. Àrokò ni. Bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń di owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn, tí ẹni tó gbà á á mọ ohun tí wọ́n ń wí láìgbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù ṣe ń di nọ́ńbà pọ̀ ránṣẹ́. Tẹ C àárín, ohun tó máa lọ ni pé wọ́n ti tẹ nóòtù 60, báyìí ni ìka ṣe le tó, ṣánẹ́ẹ̀lì báyìí ló ti wá. Gbé ìka kúrò, àrokò mìíràn á lọ pé wọ́n ti fi 60 sílẹ̀. Nọ́ńbà àwọn nóòtù bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 127. Kọ̀ǹpútà ló máa wá pinnu bóyá dùùrù ni òun máa fi dáhùn ni, tàbí fèrè, tàbí ìlù. Àrokò yìí náà sì lè ṣìnà bíi lẹ́tà: ó lè dé ilé tí kì í ṣe ilé ẹ, ó lè dé ibi tí kò sẹ́ni tó ń retí ẹ̀.

Ètò yìí kì í ṣe nǹkan àná. Ní January 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin NAMM ní California, wọ́n so Prophet-600 ti ilé iṣẹ́ Sequential Circuits mọ́ Jupiter-6 ti Roland, wọ́n tẹ ọ̀kan, èkejì sì dún. Dave Smith ará Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi ará Japan ni òléwájú nínú iṣẹ́ náà, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní Technical Grammy ní 2013. Ẹ wò ó o: ilé iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn du ọjà, tí òkun wà láàárín wọn, gbọ́ra wọn yé. Yàrá orin wa àti yàrá kọ̀ǹpútà wa, tí kò ju ògiri kan lọ, kò gbọ́ra yé.

Lọ́jọ́bọ̀, nígbà ìsinmi gígùn, olùkọ́ orin wa gbà wá láyè kí àwa mẹ́ta dán kíbọ́ọ̀dù náà wò. Ọ̀rẹ́ mi kan mú laptop ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. A fi MIDI-OX sí i, ètò ọ̀fẹ́ kan tó máa ń kọ gbogbo àrokò tó bá wọlé sójú kọ̀ǹpútà. Kí ẹ mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì: bí ìlà kan bá jáde lójú MIDI-OX nígbà tí o tẹ nóòtù, kíbọ́ọ̀dù ò kú, wáyà ò kú. Ibòmíràn ni kí o ti lọ wá ẹjọ́.

Wáyà la kọ́kọ́ wò. Ihò roboto méjì tó ní ojú márùn-ún ló wà lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù yẹn. Wọ́n kọ IN sí ọ̀kan, wọ́n kọ OUT sí èkejì. Wáyà wa náà ní orí méjì, IN àti OUT, kí apá kejì tó jẹ́ USB tó wọ kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n ṣe so ó láti ọjọ́ yìí ni pé IN wọ IN, OUT wọ OUT. Ó jọ ohun tó tọ́, àbí? Àmọ́ OUT ni ẹnu, IN ni etí. Etí ẹlòmíì ni ẹnu ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi ẹnu ko ẹnu, wọ́n fi etí lẹ̀ mọ́ etí, wọ́n wá ń retí kí ọ̀rọ̀ wọlé. A pààrọ̀ àwọn orí méjèèjì. (Àwọn wáyà olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n kọ tiwọn ní òdìkejì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ yìí bá mi jiyàn. Bí ọ̀nà kan kò bá ṣiṣẹ́, pààrọ̀ ẹ̀. Kì í jó nǹkan kan.)

Bí a ṣe pààrọ̀ ẹ̀ báyìí ni ìlà ń jáde wọ̀ọ̀rọ̀ lójú laptop. A tẹ gbogbo nóòtù 61 tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òsì dé ọ̀tún. Kò sí èyí tó yadi. Ṣé bọ́ọ̀dù tó jóná ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Nǹkan kejì hàn nínú àwọn ìlà yẹn: gbogbo wọn ló ń wá láti ṣánẹ́ẹ̀lì 4. MIDI ní ṣánẹ́ẹ̀lì 16 nínú wáyà kan ṣoṣo, bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Bí ilé iṣẹ́ bá ń gbé eré jáde lórí 4, tí ìwọ yí tẹlifíṣọ̀n rẹ sí 1, o lè jókòó síbẹ̀ títí di alẹ́. Orí 1 nìkan ni ètò ìgbohùnsílẹ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa ń tẹ́tí sí. Kódà ká ní wọ́n so wáyà dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní dún náà ni. Bọ́tìnì ni a fi yí i padà sí 1, kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀kẹta ló jọ mí lójú jù. A gbé wáyà padà sí kọ̀ǹpútà ilé ìwé, a ti ń yọ̀, ó tún dákẹ́! Ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ máa sọ pé ẹnjiníà yẹn jàre. Ìgbà tí a wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà la rí i pé MuseScore wà ní ṣíṣí lẹ́yìn, òun ló di kíbọ́ọ̀dù mú. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows, ètò kan ṣoṣo ló lè di ẹnu ọ̀nà MIDI kan mú lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. A ti MuseScore, a ti ètò ìgbohùnsílẹ̀ náà, a tún un ṣí nígbà tí wáyà ti wà níbẹ̀, a yan kíbọ́ọ̀dù níbi tó ti ń béèrè ibi tí àrokò á ti wá. Ó dún. Olùkọ́ orin wa fúnra wọn tẹ ẹsẹ orin kan. Aago lù, a sáré wọ kíláàsì, nígbà tí a máa fi jáde wọ́n ti gbé kíbọ́ọ̀dù lọ tì mọ́ ọ́fíìsì, wọ́n ní ó ń dúró de ẹni tó máa rà á ní àlòkù.

Ìdí tí mo fi yára kọ nǹkan yìí nìyẹn. Bí a bá tà á, ọgbọ̀n tí a bá rí lórí ohun tí wọ́n pè ní òkú, ìyàwó ilé tó rà á á pààrọ̀ orí wáyà méjì lásán ni, á máa fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Àwa á wá ra tuntun, a óò so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kan náà, lábẹ́ ètò kan náà tó ń tẹ́tí sí ṣánẹ́ẹ̀lì 1 nìkan. Mi ò ní purọ́, ọ̀pọ̀ tuntun tó ń lo USB tààrà máa gbà wá lọ́wọ́ wàhálà IN àti OUT. Ọ̀rọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì àti ètò méjì tó ń du ẹnu ọ̀nà kan ò ní torí ìyẹn lọ.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mo mọ̀ pé wọ́n á tún pè ní bíbàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Bí o bá tẹ nóòtù kan tí méjì dún, bíi pé ẹnìkan ń sín ọ jẹ, kì í ṣe iwin. Ìka rẹ ń bá ohùn inú kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ tààrà, ó tún ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà wá dá àrokò náà padà sí kíbọ́ọ̀dù, ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Local Control, ibẹ̀ ni kí o pa. Àmọ́ bí o bá pa á, tí o yọ wáyà kọ̀ǹpútà tí o kò sì ṣí i padà, iná kíbọ́ọ̀dù á máa tàn, kò ní fọhùn rárá, wọ́n á sì tún ránṣẹ́ pe ẹnjiníà. Pẹ́dà ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ sódì, ṣé ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ tan kíbọ́ọ̀dù ni? Ẹ pa á, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ tún un tàn. Ní ti transpose, ẹ̀yin tó ń fi kíì C nìkan lu gbogbo orin, ẹ mọ ara yín, ẹ máa dá a padà sí 0 kí ẹ tó dìde. Bí iná bá sì já láàárín ìdánrawò, àwọn kíbọ́ọ̀dù kan máa ń gbàgbé gbogbo ohun tí a ti ṣètò, wọ́n á padà sí bí wọ́n ṣe wà láti ilé iṣẹ́. Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń já tó níbí.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ kan máa sọ: ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án, wọ́n á bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìdí. Àwa náà la fa bọ́tìnì mẹ́ta yọ lára kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́bàá fèrèsé, mi ò lè sẹ́ ẹ fún kíláàsì wa. Ṣùgbọ́n nǹkan tí a tì mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí a ń gbé jáde tí àlejò bá ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ àrùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dákẹ́. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ ló máa mọ̀ pé ó ti kúrò lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 1.

Ní ti 1,500 náírà, àwa ọmọ tó ń ti ilé wá ni wọ́n ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Fún àwọn kan nínú wa, owó ọkọ̀ ni. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní ó parí, ìdánwò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, gbogbo wa la sì mọ ẹni tí wọ́n máa ń lé padà sílé tí kò bá san. Kí ọmọ pàdánù ìdánwò ìṣirò nítorí orí wáyà méjì tí a so lódì, kò dùn mọ́ mi nínú.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe kò pọ̀. Kí wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù náà jáde. Kí wọ́n ra wáyà MIDI kan sí i tí a máa fi pamọ́, ẹgbẹ́ orin lè dá owó ìyẹn láàárín ara wa. A máa fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kun orí wáyà àti ihò tó yẹ kó wọ̀, kí ọmọ JSS1 pàápàá lè so ó. A máa lẹ ìwé pélébé mọ́ ara rẹ̀: ṣánẹ́ẹ̀lì 1, transpose 0, so wáyà kí o tó ṣí ètò. Kí wọ́n sì ṣí yàrá kọ̀ǹpútà fún wa ní wákàtí kan lọ́jọ́rú lẹ́yìn ìgbà tí a bá ti jáde, pẹ̀lú olùkọ́ kan níbẹ̀. Bí kò bá wá dún lẹ́yìn gbogbo èyí, màá kọ́kọ́ san 1,500 tèmi.

Àwa mẹ́rìnlá nínú ẹgbẹ́ orin ti fọwọ́ sí lẹ́tà kan sí ọ̀gá àgbà, ó wà lọ́wọ́ aṣojú kíláàsì SS2A. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà ìsinmi gígùn, a máa gbé laptop wá síwájú yàrá orin. Bí wọ́n bá fún wa ní kíbọ́ọ̀dù, a óò so ó níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá, kí ẹ tẹ nóòtù tó bá wù yín.