Ẹ Yéé Sọ Pé Kò Kàn Wá

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Aladja, Ovwian àti Steel Town: Òótọ́ ọ̀rọ̀ la fẹ́ sọ lónìí, ẹ má bínú.

Tí ìbọn bá ti dún lálẹ́, tí wọ́n ní ọmọ Ayé àti ọmọ Ẹyẹ tún ti kọlu ara wọn, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Àwọn onílẹ̀ ló ń bára wọn jà, kò kàn wá." A á ti ṣọ́ọ̀bù, a á lọ sùn. Irọ́ ni o. Ó kàn wá.

Ìjà ààlà tó wà láàárín Aladja àti Ogbe-Ijoh, ti onílẹ̀ nìyẹn. Àlejò kì í bá onílé pín ilẹ̀. Ká pa ẹnu wa mọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́ òkùnkùn yàtọ̀. Ṣé èdè Urhobo ni Ayé ni? Ṣé èdè Ijaw ni Ẹyẹ? Èdè ìyá tó bí wa ni!

Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1952, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mẹ́fà dá Pyrates sílẹ̀ ní fásitì Ìbàdàn. Wọn ò gbé ìbọn nígbà yẹn. Ìbàdàn náà ni Ẹyẹ ti jáde. Black Axe tí wọ́n ń pè ní Ayé, fásitì Benin ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1977. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù Keje 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn wọ OAU lóru, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ 5. Ilé-Ifẹ̀ o, kì í ṣe Warri. Lónìí ó ti kúrò ní fásitì, ó ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Àwa tó ti pẹ́ ní Aladja mọ ibi tí àyè ti ṣí sílẹ̀ fún un. Nígbà tí Shagari ṣí iléeṣẹ́ irin DSC ní 1982, iṣẹ́ wà, owó oṣù ń wọlé, ọjà ń tà. Iléeṣẹ́ náà dákẹ́. Wọ́n tà á ní 2005, wọ́n tún tà á ní 2015. Àwọn ọmọ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá jókòó sójú títì. Ọmọ tí kò níṣẹ́, ẹgbẹ́ á fún un níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ká má di gbogbo ẹ̀bi ru DSC. Ọmọ tiwa náà wà nínú ẹ̀, a sì mọ̀ wọ́n. Tí ọ̀kan bá kó sí wàhálà, a á fi í sínú bọ́ọ̀sì, ó di Ògbómọ̀ṣọ́, ó di Ìlọrin, a ní ó lọ kí ìyá àgbà. Ṣé ìtọ́jú nìyẹn? Ibi ìfarapamọ́ la wá fún un, a sì tún kó o ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó wà nílé. Ọmọ ogún ọdún tí kò níṣẹ́ ra mọ́tò, a gbàdúrà sí i, a fún un ní àga iwájú nípàdé. Ta ló bi í pé níbo lowó ti wá?

Àwọn kan á ní, "Àlejò ni wá, wọ́n á pa wá tí a bá sọ̀rọ̀." Òótọ́ ni, ẹ̀rù ń bà wá náà. A ò ní kí ẹnikẹ́ni máa dárúkọ ọmọ ọlọ́mọ kiri. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa là ń sọ. Ẹ mọ ibi tí ọmọ yín ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba ọmọ kọ̀ọ̀kan síṣẹ́. Nípàdé, ká yéé gba owó tí a ò mọ orísun ẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ jáde, ká má lé e. Kí bàbá ẹ̀, àwọn àgbà wa, pásítọ̀ tàbí ààfáà dúró tì í.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ṣé ẹ ń sùn?