Ẹ Jẹ́ Kí A Dán Etí Àwọn Ọmọ Wa Wò

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àgbàlagbà ń gbọ́ràn dáadáa, a ó fi ẹ̀rọ bò ó létí, a ó sì ní kí ó nawọ́ sókè nígbàkígbà tí ìró kan bá dún sí i. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́? Ìyá rẹ̀ a pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá orí rẹ̀. Bí ó bá ta gìrì, gbogbo ilé a gbà pé etí rẹ̀ dá ṣáṣá. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé atẹ́gùn ọwọ́ ni ó fẹ́ sí i lára, tàbí pé bẹ́ẹ̀dì ni ó mì.

Ìmọ̀ ìṣègùn ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1924 ni Hans Berger, oníṣègùn ará Jámánì, kọ́kọ́ gba àmì iná tí ọpọlọ ènìyàn ń mú jáde sórí ìwé. Ní 1971, Don Jewett àti John Williston ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé àmì tí ó jẹ́ ti ìgbọ́ràn. Èyí ni wọ́n fi ń dán ọmọ tuntun wò nísinsìnyí. Wọn a lẹ àwọn ohun pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì mọ́ iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn etí. Wọn a máa ta ìró wẹ́wẹ́ sí i létí lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ọmọ a sì máa sùn ní tirẹ̀. Àní, oorun náà gan-an ni iṣẹ́ ń fẹ́. Ìdáhùn ọpọlọ kéré jọjọ, kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù agbára bátìrì rédíò, ariwo iná ara sì bò ó bí ìgbà tí à ń wá ohùn ẹnì kan láàárín ọjà. Kọ̀ǹpútà a da gbogbo ìdáhùn pọ̀: èyí tí ń padà wá ní àkókò kan náà a dúró, ariwo tí kò létò a pa ara rẹ̀ rẹ́.

Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé irinṣẹ́ náà ń kéré sí i. Àwọn olùwádìí ní Imperial College ní London àti ní Aarhus ní Denmark ti ṣiṣẹ́ lórí ohun èlò tí ń gba àmì ọpọlọ láti inú ihò etí, bí íápíìsì tí àwọn ọmọ wa ń kì bọ etí. Láti 2024 ni AirPods Pro 2 ti lè dán etí àgbàlagbà wò nílé, ṣùgbọ́n ẹni náà ṣì ní láti fọwọ́ kan fóònù láti dáhùn.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá nítorí ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Bí ara àti ẹyinjú ọmọ bá di àwọ̀ ìyeyè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó le, tí a kò sì tètè tọ́jú rẹ̀ (káńfọ̀ tí à ń fi sáàárín aṣọ ọmọ a máa dá kún un fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbà á), ó lè ba iṣan ìgbọ́ràn jẹ́ nígbà tí inú etí fúnra rẹ̀ ṣì pé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè yege lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ́tí sí ìró tí etí ń dá padà. Ìdánwò ti ọpọlọ ni yóò tú àṣírí.

Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti là á sílẹ̀: kí a dán ọmọ wò kí ó tó pé oṣù kan, kí a mọ ohun tí ó ń ṣe é kí ó tó pé oṣù mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Lọ́dọ̀ wa, “Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀” ni à ń wí. Ọmọ a pé ọdún mẹ́ta lórí gbólóhùn yẹn. Àwọn mìíràn a gbé e káàkiri òkè àdúrà kí wọ́n tó mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. A kò ní kí wọ́n má gbàdúrà. Àwa náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ọmọ kì í dúró de ìṣọ́ òru.

Àwọn kan yóò bi wá pé kí ni àǹfààní mímọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wọ́n bí ojú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí Andrew Foster. Yírùnyírùn di í létí ní ọmọ ọdún mọ́kànlá; ní 1960 ó dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọmọ tí a bá tètè mọ̀ pé kò gbọ́, a lè fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, kí èdè má bàa fò ó dá.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí a yọ díẹ̀ kúrò nínú owó ayẹyẹ yìí kí géètì tuntun tó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Àwọn ọmọ tí ń wọlé sí JSS1 kò nílò ìdánwò ọpọlọ. Wọ́n lè nawọ́. Ẹ̀rọ kékeré àti nọ́ọ̀sì tí a kọ́ tó fún wọn. Nínú gbogbo kíláàsì tí a jókòó sí nígbà tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò ní ọmọ kan lẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní olódo, tí ẹnikẹ́ni kò sì wo etí rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ ti ọpọlọ ni kí a bá ilé ìgbẹ̀bí tí ó sún mọ́ wa rà.

Ohun kan ṣoṣo ni a fi ń kìlọ̀. Nínú Ìhìn Rere Máàkù orí keje, Olúwa mú adití náà kúrò láàárín èrò kí ó tó fọwọ́ kàn án létí. Àmì ọpọlọ ọmọ kì í ṣe ohun tí a ń pín kiri, yálà fún ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ tàbí fún àwọn olùkọ́ ní yàrá ìsinmi wọn. Ọwọ́ òbí ni kí ìwé èsì wà.

A ó gbé àbá yìí síwájú ìpàdé ẹgbẹ́ tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà nílé, kí ó má dúró dè wá.