Kí Ni Ó Wà Nínú Ẹ̀wù Agbẹ̀mílà?

Kì í ṣe aṣọ òde ẹ̀wù agbẹ̀mílà ni ó ń mú ènìyàn léfòó lórí omi, bí kò ṣe ohun tí a kì bọ inú rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1904, ọkọ̀ General Slocum gbiná lójú odò ní New York. Àwọn ìyá fi ẹ̀wù agbẹ̀mílà wọ ọmọ wọn, àwọn ọmọ náà sì rì, nítorí èèpo igi kọ́ọ̀kì inú rẹ̀ ti gbó di ìyẹ̀fun láti ọdún 13 tí wọ́n ti gbé e kọ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó kú lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn kọ́ọ̀kì ni a lo òwú àràbà, àràbà tiwa yìí gan-an! Omi kì í tètè wọ̀ ọ́, àfi bí epo bá bà á tàbí bí ó bá rún. Lónìí, fóòmù tí afẹ́fẹ́ há sínú ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀ ni a ń lò. Ti ibùsùn kọ́ o. Ìyẹn a máa fa omi mu.

Ó tọ́ kí ìjọba máa yẹ inú ẹ̀wù wọ̀nyí wò kí a tó tà wọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kó ọmọ ilé-ìwé la ọ̀sà kọjá, ẹ kọ́kọ́ rì í bọ omi wò; èyí tí ó bá wúwo, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.