TA NI YÓÒ RA MẸ́MỌ́RÌ INÚ TÁBÚLẸ́Ẹ̀TÌ ILÉ IṢẸ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a sọ ojú abẹ rẹ̀ níkòó.

Àwọn ọ̀gá ti gba ìwé wébíìlì lọ́wọ́ wa, wọ́n fún wa ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Òun ni a fi ń ya àwòrán ẹrù kí ó tó kúrò ní géètì, òun ni oníbàárà ń tọwọ́ bọ̀, òun náà ni a fi ń ka iye páálí tí ó jáde. Ẹgbẹ́ kò bá tábúlẹ́ẹ̀tì jà. Ohun tí ó bá mú iṣẹ́ rọrùn, kí ó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n àyè inú rẹ̀ kéré, àwòrán a sì tètè kún un. Nígbà tí ó kún, kí ni àwọn ọ̀gá wí? Wọ́n ní kí olúkúlùkù lọ ra mẹ́mọ́rì tirẹ̀!

Nígbà tí a ń lo ìwé, ta ni nínú wa ló fi owó ara rẹ̀ ra wébíìlì rí? Bí ìwé bá tán, sítọ́ọ̀kípà a fún wa ní òmíràn. Ṣé dírẹ́bà ló ń ra táyà ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ni? Mẹ́mọ́rì ni ìwé òde òní. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ ni yóò ra irinṣẹ́.

Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹni tí ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ bọ́ ọmọ, bí ó bá dé ọjà, mẹ́mọ́rì tí owó rẹ̀ wálẹ̀ jù ni yóò mú. Ibẹ̀ gan-an ni ayédèrú pọ̀ sí. Àwọn oníjìbìtì a mú káàdì kékeré, wọ́n a tún inú rẹ̀ ṣe kí ó lè máa pe ara rẹ̀ ní 128GB, bẹ́ẹ̀ 8GB péré ni ó lè gbà. Kò ní í kọ ohun tí ẹ bá ń kó sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí 8GB bá ti kún, inú afẹ́fẹ́ ni ìyókù ń lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá bèèrè rẹ̀ ni àṣírí yóò tú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí dírẹ́bà kan ní ẹ̀ka wa nìyẹn. Àwòrán ẹrù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ṣí mọ́. Oníbàárà ní ẹrù kò pé, ọ̀gá sì ní kí wọ́n gé owó oṣù dírẹ́bà. A ní rárá! Òfin Òṣìṣẹ́ tí ìjọba gbé jáde ní 1974, tí ó ṣì múlẹ̀ títí di òní, sọ ọ́ ní ìpín karùn-ún pé a kò gbọdọ̀ gé owó òṣìṣẹ́ nítorí òfò, àfi bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tí ó ṣàìnáání iṣẹ́, tí aláṣẹ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ̀wé fọwọ́ sí i ṣáájú. Ìwé ìfọwọ́sí dà?

Àwọn ọ̀gá tún ní orin àti sinimá ni a ń kó sínú mẹ́mọ́rì. Bí ó bá jẹ́ owó mi ni mo fi rà á, ta ni yóò sọ ohun tí n óò gbọ́ nínú rẹ̀ fún mi? Ẹ ra ti ilé iṣẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ fi òfin dè é. A ó pa òfin náà mọ́.

Bí wọ́n bá sì rà á, ẹ má kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

1. Ẹ ka ìwé tí ó bá tábúlẹ́ẹ̀tì wá, kí ẹ mọ iye tí ó lè gbà. Ọ̀pọ̀ èyí tí ó ti pẹ́ kì í gbà ju 32GB lọ.

2. Ẹ wá 10 tí ó wà nínú àmì C lára rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ó kéré tán, ó lè gba 10MB sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó fún iṣẹ́ wa.

3. Bí 32GB bá fi nǹkan bí 29 hàn, kì í ṣe jìbìtì; ọ̀nà ìṣírò ló yàtọ̀.

4. Ẹ kó nǹkan kún un dé ẹnu, kí ẹ sì ṣí wọn wò kí ẹ tó fi ṣiṣẹ́. H2testw lórí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe ìdánwò yìí fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá yege, ẹ dá a padà.

5. Ẹ má yọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sí i lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ojúlówó pàápàá lè kú lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ẹ̀ka wa ń bèèrè. Kí ilé iṣẹ́ ra mẹ́mọ́rì. Kí wọ́n máa gba ẹ̀dà iṣẹ́ wa sí ọ́fíìsì ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, kí wọ́n sì san owó dátà rẹ̀. Kí wọ́n má gé kọ́bọ̀ lára owó dírẹ́bà wa.

Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má fi owó ara rẹ̀ ra mẹ́mọ́rì mọ́. Bí fóòmánù bá ní kí ẹ rà á, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú ìwé náà tọ aṣojú yín wá. Bí ẹnì kan bá lọ rà á ní bòókẹ́lẹ́, ọrùn gbogbo wa ló fi àjàgà náà sí. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa!